Àyè Olùkọ́ tí Tíṣà George Fura Sí

Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó máa ń gbé omi tirẹ̀ wá sí ìpàdé. Ẹnì kankan ò fún un ní májèlé jẹ rí. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wa níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, omi inú ọ̀rá la máa ń pín, omi kan náà tí gbogbo wa ń mu, ṣùgbọ́n Tíṣà George á yọ ìgò rẹ̀ jáde nínú báàgì, á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ló sì rọ omi ọ̀hún fún un láàárọ̀! Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Sà, ṣé ìyàwó yín náà lẹ ń fura sí ni?" Ó ní, "Ràmọ́tà, ìfura loògùn àgbà." Mo ní mo gbọ́, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka náà. Ilé àwọn oníṣòwò tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n ni wọ́n ti bí mi, nítorí náà ẹ má retí pé kí n máa fọwọ́ ra ọ̀rọ̀ lórí. Tíṣà George, ọmọ Ìbẹ̀fún, ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní dùùrù títẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ onífújì àti ọmọ oníwákà náà ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbọ̀n, kì í pariwo mọ́ ọn. Á máa fẹnu kọ orin náà tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ títí ara onítọ̀hún á fi balẹ̀. Mo ti rí Hanifah, ọmọ oníwákà kan, tó fi ẹkún wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì fi ẹ̀rín jáde. Tí kì í bá ṣe ti ìfura burúkú yìí, ǹ bá ní èèyàn bíi tirẹ̀ ò sí nínú ọgbà yunifásítì wa.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá. Pátì-táìmù ni láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Wákàtí tó bá fi kọ́ni ni wọ́n ń san fún un. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lọ ìsinmi, owó náà lọ ìsinmi nìyẹn. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún irú wọn. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ń le láàárọ̀, inú omi gbígbóná ló ń kì í bọ̀ kó tó lè jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Mosúnmọ́lá, télọ̀ ni, àmọ́ ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Kí yunifásítì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pẹ́mánẹ́ǹtì kí ìka wọ̀nyẹn tó kọ iṣẹ́, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Ká má purọ́, ó nídìí tó fi ń fura. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Odògbolú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fèrè àti ìlù bàǹdì. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé ẹ̀sùn nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kò dúró béèrè. Ó fi ìbínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé e, kò sì sẹ́ni tó rí ìwé ẹ̀sùn náà títí dòní olónìí. Ìyẹn ẹ̀bi tirẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un lọ́dọ̀ wa níbí, mi ò lè bá wọn sọ pé kò dùn ún. Ọ̀gá ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní kó máa kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, pé tó bá kọ́ ọ dáadáa, àwọn á rántí rẹ̀. Ó kọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tí iṣẹ́ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀hún ni wọ́n gbà. Ìyẹn sì ti jápa lọ sí ìlú òyìnbó báyìí, Tíṣà George ló tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́dún tó kọjá ni Dókítà Ayọ̀tọ̀míwá di ọ̀gá ẹ̀ka wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Kò tíì gbóná lórí àga tí àwọn alákòóso fi pàṣẹ pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ iye olùkọ́ tó máa nílò fún ọdún bíi mélòó kan sí i, àti ibi tí owó oṣù wọn máa ti wá. Ẹ̀ka tí kò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ! Orin ṣáà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò bíi pé jíjẹ-mímu lásán la wà fún. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kékeré kalẹ̀: Dókítà, Tíṣà George, èmi tí mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, àti Ọ̀gbẹ́ni Micah tí ọ́fíìsì àwọn alákòóso rán wá ṣe alága. Micah yìí, bí ẹ bá sọ fún un pé iná ń jó ilé, á kọ́kọ́ béèrè bóyá iná náà ní sàtífíkéètì.

Micah ló kọ́kọ́ fọ́ wa lórí. Ó ní olùkọ́ méjì péré ni yunifásítì lè sanwó fún, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà, ti ìwé kíkà, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, nítorí àwọn olùbẹ̀wò tó ń ti Àbújá wá yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ọ̀kan á máa kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin, èkejì á máa kọ́ wọn ní ìtàn orin. Ti dùùrù ńkọ́? Ó ní kí pátì-táìmù máa bá a lọ bó ṣe wà. Dókítà ní òun ò gbà, pé lọ́dún tó ń bọ̀ òun á jà kí ti dùùrù náà di pẹ́mánẹ́ǹtì. Tíṣà George ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún ìka ọwọ́ òsì lábẹ́ tábìlì, mo rí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Alhaji Abdulbasit yọjú. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀bú lè má mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́: àwa níbí, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún kan sí ìkejì máa ń kóra jọ di régbérégbé. Wọ́n á jọ máa ṣe ohun rere fún ìlú, régbérégbé kan ò sì ní fẹ́ kí òmíràn ṣe jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé, kí ẹgbẹ́ kejì má baà gbọ́ kí wọ́n sì lọ ṣe ohun tó ju tiwọn lọ. Alhaji yìí ni olórí régbérégbé tirẹ̀. Ó ń ta irin àti símẹ́ńtì, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe wọlé tó rí Tíṣà George, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun, lórí símẹ́ńtì tí a ò tíì gbá. "Ẹ káàárọ̀, sà." Tíṣà George fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji jókòó, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ máa san owó oṣù olùkọ́ dùùrù kan fún ẹ̀ka wa. Kí olùkọ́ náà jẹ́ pẹ́mánẹ́ǹtì. Kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà níbẹ̀. "A ò béèrè dókítà, a ò béèrè ọjọ́ orí. Kó ṣáà ti jẹ́ ẹni tó ti kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú lórin."

Dókítà bi í pé, "Alhaji, ṣé ẹ lẹ́nì kan lọ́kàn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀hún pé. Ìjẹ̀bú-Òde la wà yìí. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn ẹgbẹ́ kejì á ti gbọ́ kí n tó dé ìdí mọ́tò mi." Ó dìde, ó tún kí Tíṣà George, ó lọ.

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo dúró kí Dókítà jáde, mo yíjú sí i, mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Alhamdulillah!"

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ràmọ́tà, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé o rí bó ṣe dọ̀bálẹ̀? Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ báyẹn fún pátì-táìmù?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, sà! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní Odògbolú, gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu fèrè kan sọnù nígbà náà, òun ni mo tì mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí títí ó fi sunkún. Ọmọ tí mo tì mọ́lé, tó wá lówó, tó wá ń dọ̀bálẹ̀ fún mi? Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀fà tó ju èje lọ."

Mo ní, "Sà, ṣé ẹ rí ẹnu fèrè ọ̀hún nígbẹ̀yìn?"

Ó wò mí. "Ó wà lábẹ́ àpótí. Àmọ́ ìyẹn kọ́ la ń sọ."

Súbúhánallàh! Mo fẹ́ fi nǹkan sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní bí kò bá jẹ́ òun, ta ni? Ó ní ìyẹn lòun máa wádìí. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúgbò tí Alhaji ti ń tajà kọjá. Ó ń ra ìṣó tí kò nílò, ó ń bá àwọn tó ń gbé símẹ́ńtì sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ kan ó padà wá, ojú rẹ̀ ń dán. Ó rí i! Alhaji ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Rídwàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ kíbọọ̀dù lóde àríyá. Rídwàn ò ní dókítà, kò sì dàgbà. Ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kíbọọ̀dù nígbà ìsinmi. "Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àbí wọn kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú? Ràmọ́tà, wọ́n ti wọn aṣọ náà mọ́ Rídwàn lára. Bó bá ti wọlé, kí ni wọ́n fẹ́ fi pátì-táìmù ṣe mọ́? Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n tún máa ní kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ!"

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Àwa Ìjẹ̀bú náà, a mọ ara wa. Mo pe Màmá Mosúnmọ́lá lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá ná. Kó wò ó kó tó lé e." Mo jíṣẹ́ náà. Ó ní ta ló ti bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀? Láti ọjọ́ náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí èmi náà.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó láti parí ọ̀rọ̀ pé. Micah ka ohun tí Alhaji béèrè, ó ń fajú ro, ó ní yunifásítì ò fẹ́ràn àyè olùkọ́ tí kò ní dókítà nínú, àmọ́ tí ẹ̀ka bá fara mọ́ ọn, kò burú, owó ṣáà ni. Dókítà ní àwọn fara mọ́ ọn. Ó ti fẹ́ parí nìyẹn o! Ni Tíṣà George bá gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Alága, a ò gbọdọ̀ fi owó ba ẹ̀ka yìí jẹ́. Ẹ fi dókítà síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí dókítà, kó má wulẹ̀ gbé orúkọ wá."

Ó kù díẹ̀ kí Micah dìde dì mọ́ ọn. Mo ta Tíṣà George lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Dókítà yíjú sí i. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin gan-an ò ní dókítà. Ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín nìyẹn."

"Èmi ò wá nǹkan kan níbẹ̀, Dókítà. Èyí tí ẹ ní ẹ máa bá mi jà fún lọ́dún tó ń bọ̀ ni mò ń dúró dè. Èyí tó tọ́ ni mo fẹ́." Ohùn rẹ̀ ga díẹ̀. "Ẹni tó bá sì ní kí ilẹ̀kùn yìí wà ní ṣíṣí báyìí, á jẹ́ pé ó ti jẹ nínú owó Alhaji."

Ta ló fẹ́ la ẹnu lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Dókítà, tí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnì kankan, wo ìwé iwájú rẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo rí i pé tí mo bá tún sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní mo gba símẹ́ńtì. Inú bí mi débi pé omijé bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé eruku ló kó sí i. Micah kọ dókítà síbẹ̀, ó gbé e lọ fún Sẹ́nẹ́ètì yunifásítì, Sẹ́nẹ́ètì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí régbérégbé wá gbé ẹ̀bùn wọn kalẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wá wò, àwọn aṣojú ààfin wà níjòókòó, àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò. Alhaji ti sọ̀rọ̀, ó ti kéde níwájú gbogbo ayé pé àwọn á máa san owó náà, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Micah dìde ka irú ẹni tí yunifásítì máa gbà. Nígbà tó dé ibi tó ti ní kí onítọ̀hún jẹ́ dókítà, Alhaji yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ìyẹn síbẹ̀?"

Micah rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ka fúnra wọn ni, Alhaji. Tíṣà George tó jókòó níbẹ̀ yẹn ló dá a lábàá."

Alhaji wo Tíṣà George pẹ́. Àwọn ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ náà ń wò ó, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ kejì. Alhaji dorí kodò, ó ní kí wọ́n máa bá ètò lọ.

Lẹ́yìn tí èrò túká, ó wá bá wa ní yàrá tí a ti ń kọ́ dùùrù. Èmi àti Tíṣà George la wà níbẹ̀. Kò jókòó.

"Tíṣà, ẹ̀yin ni," ó ní. "Ẹ̀yin la kó owó jọ fún. Gbogbo àwa tí ẹ kọ́ ní Odògbolú nínú ẹgbẹ́ wa, láti Iléyá èṣí. A gbọ́ pé wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún yín. A ní kò dáa kí tíṣà wa darúgbó báyẹn."

Tíṣà George di etí dùùrù mú. "Rídwàn ńkọ́?"

"Rídwàn wo? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ìyẹn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, sà."

"Ẹ tún un ṣe nígbà náà. Ẹ sọ fún wọn."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní Sẹ́nẹ́ètì ti fọwọ́ sí i, àwọn ò lè yí i padà."

Tíṣà George fi dùùrù sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi? Èmi nìkan. Ẹ ò bá ti rọra sọ ọ́ fún mi létí."

Alhaji nu ojú rẹ̀. Mi ò rò pé òógùn ni. Ó ní, "Ká ní a sọ fún yín, sà, ṣé ẹ ò bá gbà wá gbọ́?"

Alhaji tún dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta.

Mo sin Tíṣà George dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, níbi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí i láti ọjọ́ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá tú síta màá sọ fún un, wọ́n wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá ara rẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé kí ló fẹ́ lọ sọ fún Màmá Mosúnmọ́lá nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí ni mi ò fi la ẹnu. Ó rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde lórí àìsàn.

Kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀. Ó na ọwọ́ dá a dúró, ó wá yíjú sí mi.

"Ràmọ́tà."

"Sà?"

"Ó lè jẹ́ irọ́ ló ń pa o. Ó ti rí i pé ọ̀nà ti dí pátápátá, ló ṣe wá ń sọ pé èmi ni. Kò ná an ní nǹkan kan mọ́ báyìí." Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró dè mí. "Àbí? Ṣé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà," ni mo wí. "Irọ́ ló máa jẹ́."